Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí géèmù tó ń pa wá lójoojúmọ́ ò ṣe é fi sílẹ̀?

Akúdàáyà_Kubwa (Àbámẹ́ta, 11:48 alẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Inú ń bí mi débi pé oorun ò kùn mí, ni mo ṣe ní kí n wá da ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Shattered Pixel Dungeon ti mọ ibi tí mò ń lọ. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: géèmù ọ̀fẹ́ ni, orí fóònù ló wà, kì í jẹ dátà. Èèyàn á wọ ihò ilẹ̀ kan, á máa sọ̀ kalẹ̀ ní ipele-ipele, ọ̀gá kan á sì máa dúró dè é ní ipele márùn-ún márùn-ún, títí dé ipele 25. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní ipele 26, ni tírà kan wà tí wọ́n ń pè ní tírà Yendor. Òun là ń wá. Bí ẹ bá kú lójú ọ̀nà, ó parí nìyẹn. Kò sí pé ẹ fẹ́ padà síbi tí ẹ bá a dé lánàá. Idà, ẹ̀wù ogun, oògùn, gbogbo ẹ̀ bá òkú lọ. Ẹ tún di ọmọ tuntun ní ipele kìíní, ihò yẹn náà á sì ti yí padà, yàrá ò ní sí níbi tí ẹ mọ̀ ọ́n sí.

Lálẹ́ òní mo dé ipele 24. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Wọ́n ti mú iná lọ láti aago mẹ́rin, bátìrì ku 9%, mo tẹ́ ẹní sí kọ́rídọ̀ nítorí ooru, ẹ̀fọn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Ojú burúkú kan wà níbẹ̀, ojú ńlá tó ń léfòó nínú afẹ́fẹ́. Kó tó ta iná síni, á kọ́kọ́ kó agbára jọ, èèyàn á rí i kedere pé ó ń kó o jọ. Àǹfààní ìṣísẹ̀ kan ló fi sílẹ̀ fúnni láti yẹra. Ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ òsì mi. Mo rí ilẹ̀kùn yẹn o! Àmọ́ mo ní ẹ̀mí tó kù lára ẹ̀ ò tó nǹkan, n óò pa á kó tó ta á. Mo gbá a, mo tàsé.

Ìgò ìwòsàn méjì wà nínú àpò mi. MÉJÌ. Mo ń tọ́jú wọn de ọ̀gá ìparí.

Ìyàwó mi gbọ́ igbe, ó sáré jáde pé ta ló kú. Mo ní èmi ni.

Ẹ wá bá mi dá a lóhùn, torí òun ló bi mí tí mi ò rí fèsì: kí ló ń dùn mọ́ni níbẹ̀? Mo ti kú ju igba ìgbà lọ, mi ò borí rí, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún mi. Mo sì mọ̀ pé kí bọ́ọ̀sì tó gbé mi dé Berger lọ́jọ́ Ajé, màá ti ní "ẹ̀ẹ̀kan sí i", màá ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

---

SabonGari_Kano (Àìkú, 6:15 àárọ̀)

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ara yín o, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún òkú.

Ṣùgbọ́n n óò sọ òótọ́: kì í ṣe ojú ló pa yín, ìgò méjì yẹn ni. Màmá mi ní abọ́ tánńganran kan nílé wa níbí, wọ́n rù ú wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó. Àlejò ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ dè. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wọn ò gbé e jáde. Ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀, wọn ò gbé e jáde. Mi ò mọ irú àlejò tó ń bọ̀ gan-an. Gbogbo ẹni tó bá ta irú géèmù yìí ló ní abọ́ tánńganran tiẹ̀ nínú àpò, á sì kú pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó gbọ́n.

Èmi, ọ̀gá àkọ́kọ́ ló fojú mi rí màbo, èyí tí wọ́n ń pè ní Goo ní ipele karùn-ún. Ó tó oṣù kan kí n tó kíyè sí i pé bó bá dúró nínú omi, ara ẹ̀ ń san. Èmi ni mo sì máa ń tì í sínú omi! Mo rò pé mò ń gbọ́n. Àtọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni mo máa ń fà á lọ, bó bá sì ti wú, màá sá sẹ́yìn. Kò tún pa mí mọ́. Kò sí ohun tí wọ́n fi kún agbára mi o. Ojú mi ló là.

---

Jos_Ò_Tutù (Àìkú, 8:02 àárọ̀)

Ẹ má bínú sí mi, ó lè jọ pé mo fẹ́ da omi tútù sí yín lára, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi. Ìyà tó wà nílùú ò tó yín ni? Èèyàn jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ nítorí gosílóò, ó dé ibi iṣẹ́, owó oṣù ò wọlé, ó dé ilé, kò sí iná. Ó wá gbé fóònù kó lè rí ohun tó máa nà án sí i? Bí mo bá délé, bọ́ọ̀lù ni mò ń gbá lórí géèmù tèmi. Mo gbá a wọlé méje, mo sùn.

Èyí tó tún bà mí lẹ́rù ni pé "ẹ̀ẹ̀kan sí i" tí ẹ ń sọ yìí, ẹnu àwọn onítẹ́tẹ́ ni mo ti máa ń gbọ́ ọ.

---

Ìyá_Ìbejì_Lugbe (Àìkú, 2:30 ọ̀sán)

Jos, ẹ kú ìfẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, n óò sọ tèmi.

Slay the Spire ni mò ń ta. Káàdì ni wọ́n fi ń jà níbẹ̀, ilé gogoro kan lèèyàn ń gùn. Ó pé pérépéré ní 2019, ó dé orí Android ní 2021. Ohun tó mú mi níbẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ọ̀tá á fi ohun tó fẹ́ ṣe hàn mí kó tó ṣe é. Á gbé àmì idà sórí ara ẹ̀, á kọ 18 síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyà 18 ń bọ̀. Ọwọ́ mi ni káàdì márùn-ún wà, agbára mẹ́ta ni mo ní láti ná. Bí mo bá kú, mo lè jókòó kí n tọ ipasẹ̀ ikú náà padà: ibi tí mo ti gba káàdì tí mi ò nílò nítorí pé ó rẹwà, ibi tó yẹ kí n ti sinmi tí mo ní rárá.

Níbi iṣẹ́ mi, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mi ò kí ń rí ipasẹ̀ kankan tọ̀. Ọwọ́ ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe, àárọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sáà fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú 18 mi.

Ṣùgbọ́n lórí "ẹ̀ẹ̀kan sí i", ẹ ò purọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọ bọ́ọ̀sì ní Wuse, mo ń bọ̀ nílé. Ìgbà tí mo gbójú sókè, a ti kọjá Lugbe tipẹ́, ọ̀nà Gwagwalada la wà. Kọńdọ́ ní "Madam, ṣé ẹ sùn ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú tì mí láti sọ pé káàdì ni mò ń tò.

---

Bàbá_Zaria (Àìkú, 9:10 alẹ́)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín, mò ń rẹ́rìn-ín.

Tírà Yendor tí Akúdàáyà ń wá kiri yẹn ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ yín lọ. Inú géèmù kan tó ń jẹ́ Rogue ló ti kọ́kọ́ jáde, ní 1980. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Michael Toy àti Glenn Wichman, ló kọ ọ́ ní yunifásítì California tó wà ní Santa Cruz. Nígbà tí Toy ṣí lọ sí Berkeley ni Ken Arnold dara pọ̀ mọ́ wọn. Arnold yìí ló kọ ètò tí wọ́n ń pè ní curses, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n lè gbé lẹ́tà síbi tó bá wù wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Kò sí àwòrán kankan. @ ni ìwọ. ! ni ìgò oògùn, ? ni tákàdá tí a ń kà bí ọfọ̀, lẹ́tà ńlá A dé Z sì ni àwọn ọ̀tá. D ni dírágónì. Ẹ ò lè mọ bí D kan ṣoṣo ṣe ń já èèyàn láyà.

Ìdí tí ihò náà fi ń yí padà rèé: àwọn géèmù ìtàn tó wà nígbà yẹn, bí o bá ti já a lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ẹni tó kọ ọ́ gan-an ò lè gbádùn ẹ̀, torí òun ló fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́, ó mọ ibi tó wà. Àwọn yẹn fẹ́ géèmù tó máa ya ẹni tó kọ ọ́ lẹ́nu.

NetHack, géèmù mìíràn tó jọ Rogue, lèmi mọ̀ ní tèmi. 1987 ló jáde, ó sì tó bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà kó tó dé ọwọ́ wa ní Zaria nínú díísìkì pẹlẹbẹ. Kọ̀ǹpútà DOS kan ló wà, àwa mẹ́rin là ń pín in. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo rí lẹ́tà e kan láàárín yàrá, aláwọ̀ búlúù. Kò mira, kò jà. Mo ní ẹran ọ̀fẹ́ rèé. Mo gbá a. Gbogbo ara mi kú tipiri. Àṣé ojú tó ń léfòó ni (ẹ ò rí i pé ojú yìí ti ń pa àwa Yorùbá tipẹ́), ẹni tó bá gbá a tó sì ń wò ó, kò ní lè gbé apá gbé ẹsẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ajá igbó wẹ́ẹ́rẹ́ kan wá wọlé, irú èyí tí mo ti pa bí ogún. Ó ń bù mí jẹ díẹ̀díẹ̀, èmi ń wò ó. Ẹni tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga. Ó mọ̀, kò sọ fún mi!

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Mi ò gbá e búlúù mọ́.

NetHack náà ń wo kàlẹ́ńdà. Lálẹ́ tí òṣùpá bá kún, á ní o ṣoríire. Bí Jímọ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ 13 oṣù, àdúrà rẹ nínú géèmù ò ní gbà. Ọmọ Ìlọrin kan wà láàárín wa, ọmọ àáfà, ó ní irọ́ ni, kò sí Jímọ̀ tí àdúrà kì í gbà. Ó tẹ̀ ẹ́. Òrìṣà inú géèmù bínú sí i. Ó ní ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn máa gbàdúrà sí òrìṣà.

---

Ọmọ_Kóòdù_Minna (Ajé, 7:40 àárọ̀)

Bàbá, ẹ ṣeun, orí yín pé. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Ní Amẹ́ríkà, ní yunifásítì Carnegie Mellon, láti nǹkan bí 1981, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ètò kan tó ń ta Rogue fúnra ẹ̀. Rog-O-Matic ni wọ́n pè é, ó sì borí. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn o! Bó bá jẹ́ pé oríire nìkan ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ni ètò fẹ́ fi borí?

Èmi náà ń kọ tèmi díẹ̀díẹ̀. Ihò yẹn kì í yí padà bí ẹní wèrè. Nọ́ńbà kan wà nísàlẹ̀ gbogbo ẹ̀ tí a ń pè ní seed. Inú nọ́ńbà kan yẹn ni yàrá, ọ̀tá àti oògùn ti ń jáde. Tẹ nọ́ńbà kan náà lọ́la, ihò kan náà lo máa bá. Ẹni tó kọ ọ́ sì tún ń dá sí i. Nínú Shattered, tákàdá tó ń gbé ohun ìjà sókè kò sí lọ́wọ́ oríire: iye tó yẹ kó jáde máa jáde. Ibi tó wà lo ò mọ̀.

@Jos, lórí tẹ́tẹ́: ọ̀rọ̀ yín ti dé Yúróòpù. Balatro jáde ní 2024, ọwọ́ káàdì poker ló fi ń ka máàkì, àmọ́ kò sí pé èèyàn ń fi owó ta á. PEGI, àwọn tó ń sọ ọjọ́ orí tó yẹ fún géèmù lọ́hùn-ún, ní kí ẹni tí kò tó 18 má fọwọ́ kàn án. Nígbà tó di 2025, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n sọ ọ́ di 12. Onítẹ́tẹ́ tó tún tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i ò mọ nǹkan kan kún ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ lèmi ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

---

Akúdàáyà_Kubwa (Ajé, 1:05 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun gbogbo yín. (Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo kú ní ipele kẹta kí a tó dé Dutse. Akàn ni.)

Minna, mo gbọ́, àmọ́ mi ò gbà tán. Àwọn ìgbà kan wà tí géèmù ti pinnu. Ó dà bí ẹni lọ yan orí nílé Àjàlá: o gbé orí tí kò jinná, òjò kan péré, ó ti ṣá. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ dé ipele 12 rí pẹ̀lú idà tí kò lè gé iṣu. Kí ni mo fẹ́ fi ọgbọ́n ṣe sí ìyẹn?

---

Bàbá_Zaria (Ajé, 1:52 ọ̀sán)

Ọmọ mi, ṣé o ti jókòó ti ọlọ́pọ́n ayò rí? Òpè á ní ọmọ ayò ò bọ́ sí i lọ́wọ́ dáadáa. Ọ̀ta á kó ọmọ kan náà, á fi pa á. Àwọn kan wà tí wọ́n ń borí Slay the Spire lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léra wọn lórí Ascension 20, níbi tó le dé góńgó. Wọn ò gba orí wọn níbòmíràn.

Kí lo ṣe sí àwọn tákàdá ìgbéga tí o rí kí o tó dé 12?

---

Akúdàáyà_Kubwa (Ajé, 1:58 ọ̀sán)

...mò ń tọ́jú wọn de idà tó dára.

---

SabonGari_Kano (Ajé, 2:01 ọ̀sán)

TÁNŃGANRAN!!! 😂😂

---

Jos_Ò_Tutù (Ajé, 8:20 alẹ́)

Mo ti rẹ́rìn-ín, n ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè èyí tó ń dùn mí. Kí ló dé tí wọn ò kàn fún èèyàn láàyè láti tọ́jú ibi tó dé? Ẹni tó fẹ́ ìyà kó gba ìyà, ẹni tó fẹ́ ìrọ̀rùn kó gba ìrọ̀rùn.

---

SabonGari_Kano (Ajé, 10:33 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Jos, mo ti ṣe é rí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

FTL ni. 2012 ló jáde. Ọkọ̀ òfuurufú kan lèèyàn ń darí la sánmà já, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń lé e bọ̀ lẹ́yìn, ọkọ̀ ogun ńlá kan sì wà ní òpin tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lèèyàn gbọ́dọ̀ fọ́ ọ kó tó kú. Láàptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ gbé e láìmí gúlegúle. Fáìlì kan wà tó ń jẹ́ continue.sav, inú ẹ̀ ni ìrìn àjò ẹni wà. Bí o bá kú, géèmù á pa á rẹ́. Mo kú sọ́wọ́ ọkọ̀ yẹn tó ìgbà mẹ́jọ. Lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, mo ṣe ẹ̀dà fáìlì náà pamọ́. Mo jà, mo kú, mo dá a padà. Mo jà, mo kú, mo dá a padà. Ẹ̀ẹ̀keje, ó fọ́.

Ẹ gbọ́, mo jókòó síwájú láàptọ́ọ̀pù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkíni-kú-oríire ń lọ lójú ẹ̀, ara mi ò gbé pọ́ọ́kú. Ó dà bí ẹni tó ra ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n wá ní kó bọ́ síwájú kó wá ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Èyí tó burú ni pé kí n tó ṣe é, ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n bí mo bá rí ọkọ̀ yẹn. Lẹ́yìn ẹ̀, kò gbọ̀n mọ́. Mo pa ìbẹ̀rù yẹn kú. Ó tó ọdún kan kí n tó tún lè ta FTL, ó sì di dandan kí n pa gbogbo ẹ̀dà yẹn rẹ́ kó tó dùn mọ́ mi.

Àmọ́ àwọn kan wà tó rọ ọ́ díẹ̀, mi ò sì bú wọn. Rogue Legacy ti 2013: bí o bá kú, ọmọ rẹ ni yóò wọ ilé náà lẹ́yìn rẹ. Ọ̀kan lè jẹ́ apárí, òmíràn lè má ríran jìnnà. Wọ́n á fi owó tí bàbá wọn kó jọ tún ilé ṣe, àmọ́ kí wọ́n tó wọlé, Charon tó wà lẹ́nu ọ̀nà á gba gbogbo èyí tó bá ṣẹ́ kù. Mo rí i, mo ní ha, ìpín ogún nílé wa nìyí.

---

Ìyá_Ìbejì_Lugbe (Ìṣẹ́gun, 3:12 òru)

Hades náà wà, ti 2020. Ọmọ ọba ìsàlẹ̀ òkú ló ń gbìyànjú àtisá nílé bàbá ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá kú, ilé náà ló ń jí sí, àwọn ará ilé á sì ní ọ̀rọ̀ tuntun láti bá a sọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, ikú ló ń gbé ìtàn síwájú. Ọmọ mi kan, Kẹ́hìndé, mọ̀ọ́mọ̀ ń kú kó lè gbọ́ ohun tí bàbá yẹn fẹ́ sọ.

---

Ọmọ_Kóòdù_Minna (Ìṣẹ́gun, 7:55 àárọ̀)

Àwọn kan á ní ìyẹn kì í ṣe roguelike gidi, ìyẹn irú géèmù tó jọ Rogue. Ní 2008 wọ́n pé jọ sí Berlin, wọ́n kọ ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ sílẹ̀: ikú tí kò ní àjíǹde, ihò tó ń yí padà, kí ọ̀tá má ṣísẹ̀ àyàfi bí ìwọ náà bá ṣísẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjà yẹn ò tíì tán lónìí. Mi ò ní bá yín jà á, mo níṣẹ́ lọ́wọ́.

Orúkọ ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Akúdàáyà! Ó kú síbì kan, ó tún fara hàn níbòmíràn bí ẹni tí nǹkan ò ṣe, òun nìkan ló mọ̀ pé òun ti kú rí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Jagunjagun inú géèmù ò mọ nǹkan kan nípa Goo. Ìwọ tí o di fóònù mú lo rántí omi yẹn.

---

Jos_Ò_Tutù (Ìṣẹ́gun, 9:30 alẹ́)

Ẹ ò tíì mú mi lọ́kàn. Bọ́ọ̀lù mi ni mò ń bá lọ. Àmọ́ mo ka ti FTL yẹn fún ọmọ mi tó ń ṣe WAEC lọ́dún yìí. Ó dákẹ́. Ó ní ta ló sọ fún mi.

---

Akúdàáyà_Kubwa (Ọjọ́rú, 10:47 alẹ́)

Ẹ má fèsì fún mi lálẹ́ òní o, ìró wọ́sáàpù lè jẹ́ kí ọwọ́ mi yẹ̀. Ipele 22. Bátìrì 31%, mo yá pọ́wábáńkì lọ́wọ́ aládùúgbò. Ìyàwó mi jókòó tì mí, ó ní òun fẹ́ rí ojú yẹn.

Ìgò ìwòsàn mẹ́ta ni mo ní. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọ̀kan.